Àwọn Tó Ń Wá Ẹni Kẹsàn-án

Obìnrin kan wà tó ń ṣe eyín. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í yọ eyín fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jókòó sídìí tábìlì nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn eléyín, kó máa fi ike àti ìda mọ eyín fún àwọn tí tiwọn ti ká. Ó mọ ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò mọ ojú wọn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é ní Eléyín, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pè é bẹ́ẹ̀ lójú títì, á yíjú.

Nǹkan méjì ló gba ọkàn Eléyín bó bá ti kúrò níbi iṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni ìwé kan, ìkejì ni ìyá ọkọ rẹ̀. Ìwé yẹn ń fún un láyọ̀.

Ìwé náà kì í ṣe ẹyọ kan. Méje ni wọ́n ti tẹ̀ jáde nínú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn bíi bíríkì, àkọlé gbogbo wọn sì ni Òkè Eérú. Ìtàn àwọn oṣó mẹ́sàn-án ni, tí wọ́n pawọ́ pọ̀ ti iná kan mọ́ abẹ́ òkè láyé àtijọ́. Mẹ́jọ nínú wọn ní orúkọ, wọ́n ní ojú tí èèyàn lè dá mọ̀. Ẹni Kẹsàn-án kò ní. Ohun tí òǹkọ̀wé kàn ń sọ láti ìwé dé ìwé ni pé Ẹni Kẹsàn-án ṣì wà láàyè, pé ó wà láàárín àwọn èèyàn inú ìtàn, ó ń jẹ, ó ń mu, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Idán inú ìwé náà ní ohun tó máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá lò ó. Ooru ara ni. Ẹni tó bá pidán, ọwọ́ rẹ̀ á tutù, bó bá sì ń pa á lọ́dọọdún, ọwọ́ náà ò ní gbóná mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Orí ọwọ́ tútù yẹn ni gbogbo àríyànjiyàn àwọn òǹkàwé wà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Alága ló dá a sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lo orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ níbẹ̀. Atọ́pinpin ni Eléyín ń jẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹnì kan á ní olùkọ́ ọmọ ọba ni Ẹni Kẹsàn-án, ṣebí kì í bọ́ ìbọ̀wọ́. Ẹlòmíì á ní rárá, ẹṣin ọba ni. Wọ́n á fa ọ̀rọ̀ náà títí Alága á fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kóun wakọ̀.

Ibẹ̀ ni Eléyín ti pàdé Àkókó. Lọ́jọ́ tí Àkókó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, ohun tó kọ nìyí: "Ẹ padà sí ìwé kẹta, níbi tí ìyá arúgbó tó ń dáná láàfin ti gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Kò mú aṣọ. Ọwọ́ lásán ló fi gbé e. Ta ló ń fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò tó ń hó?"

Ariwo sọ nínú ẹgbẹ́. Gbogbo wọn ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà, kò sẹ́ni tó kíyè sí ìkòkò. Eléyín fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wá ìwé kẹta, ó bá ìkòkò náà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó kọ̀wé sí Àkókó níkọ̀kọ̀ pé, "Ọ̀rẹ́, níbo lo ti wá?" Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti di kòríkòsùn. Bí Àkókó ṣe ń ṣàwàdà, bó ṣe ń bú olùkọ́ ọmọ ọba, Eléyín fi í sí pé ojúgbà òun ni, tàbí ọmọge kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé bàbá ẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ó ti dáná ní ilé ìwòsàn ńlá fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí bàbá kú, ọkọ Eléyín, tó ń tún firíìjì ṣe, ní ìyá òun ò ní dá gbé. Wọ́n kó ẹrù màmá wá sí yàrá ẹ̀yìn. Ọmọ kan ṣoṣo tí tọkọtaya náà bí ti lọ sí iléèwé tí wọ́n ń gbé, ọkọ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé, torí náà obìnrin méjì yìí ló sábà máa ń wo ojú ara wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí màmá dé, ó mú ìwé kan lórí pẹpẹ, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ìyàwó mi, àgbà obìnrin bíi tìẹ ń ka ìwé iwin." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dá a padà. Láti ọjọ́ náà Eléyín ò kàwé lójú rẹ̀ mọ́.

Màmá kì í jà. Ìyẹn gan-an ló ń dun Eléyín. Ká ní ó ń jà ni, wọn ì bá ti jà á tán. Bí Eléyín bá fọ abọ́, màmá á rọra dìde lẹ́yìn rẹ̀, á ka síbí. Bó bá ká aṣọ ọkọ rẹ̀, màmá á tú u, á tún un ká. Bó bá se ọbẹ̀, màmá á tọ́ ọ wò, á ní, "Ó dáa, ó dáa," pẹ̀lú ohùn tí èèyàn fi ń bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀. Ó sì so òwú pupa mọ́ etí ife tirẹ̀, kí ẹlòmíì má baà fi mu nǹkan.

Ta ni kó sọ ọ́ fún? Ọkọ á ní, "Bí màmá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Àkókó ló ń sọ ọ́ fún.

Ó kọ ọ́ pé, "Obìnrin yìí tún ti ka síbí lónìí."

Àkókó dáhùn pé, "Ṣé ó pé?"

"Ó pé."

"Kí wá ni ẹjọ́ síbí?"

Eléyín á rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ títí eyín ọwọ́ rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ó sọ ti òwú pupa náà. Lọ́jọ́ yẹn, Àkókó ò tètè dáhùn. Nígbà tó yá, ó ní, "Bóyá ife nìkan ló kù tó jẹ́ tirẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà ṣe Eléyín bákan, ó gbàgbé ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà nílé. Màmá ò ka síbí mọ́. Ó fi aṣọ sílẹ̀ bí Eléyín ṣe ká a. Eléyín kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ìwọ lo ń pidán. Mú ọwọ́ wá kí n wò ó bó bá tutù." Àkókó fi ẹ̀rín ránṣẹ́, ó yí ọ̀rọ̀ padà sórí ìkòkò.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan eyín bàjẹ́ níbi iṣẹ́, ọ̀gá sì ní kí kálukú máa lọ sílé. Ọ̀sán gangan ni. Eléyín gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó jókòó nílé ìdáná, ó bu omi mu. Ó ṣí fóònù, ó rí i pé wọ́n ti gbé àwòrán ẹ̀yìn ìwé kẹjọ jáde, èyí tó máa parí ìtàn náà. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yà sí i. Ó yára kọ̀wé sí Àkókó: "Wọ́n ti gbé e jáde o. Ọwọ́ ni. Ṣé o ti rí i?"

Nǹkan kan dún nínú pálọ̀: kó. Kò kọbi ara sí i.

"Dá mi lóhùn jàre. O kì í sùn lọ́sàn-án."

Kó.

Eléyín dìde, ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Màmá jókòó sórí àga tó kọjú sí fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí i. Ìwé kẹta wà lórí itan rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì mú fóònù, ìka ọ̀tún kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ìka náà dúró. Fóònù Eléyín gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Àkókó ló dáhùn: "Ọwọ́ ta ni? Ṣé ìbọ̀wọ́ wà níbẹ̀?"

Eléyín kọ́kọ́ rò pé bóyá ẹnì kan ló yá màmá ní fóònù. Lẹ́yìn náà ó rò pé bóyá Àkókó ti wá kí màmá, tó sì ti bá ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Irú ohun tí ọpọlọ máa ń rò nìyẹn bí kò bá fẹ́ gba ohun tí ojú ti rí. Ó rọra fẹsẹ̀ fà sẹ́yìn, ó jáde, ó rìn títí dé ibùdó bọ́ọ̀sì, ó jókòó. Bọ́ọ̀sì dé, ó lọ. Òmíràn dé, ó lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù kì í ṣe ẹjọ́ tó ti rò. "Ìwọ" ni. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní ìwọ. Ó ti sọ fún un pé orí ẹ ti dàrú. Ó ti ní kó panu mọ́. Ó ti pè é ní ọ̀dẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹṣin ọba, ó sì fi àwòrán ọ̀bọ tó yọ ahọ́n tì í lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló rántí pé òun ti sọ fún Àkókó bí ọkọ òun ṣe ń hanrun, àti àwọn nǹkan míì nípa ọkọ náà tí kò yẹ kó dé etí ìyá tó bí ọkọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú níbi tó jókòó sí. Obìnrin kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ó ní rárá o, ara òun yá.

Ó padà sílé lásìkò tó máa ń dé. Màmá ní, "Ìyàwó mi, káàbọ̀." Ó ní, "Ẹ kúulé, Màmá," ó wo ilẹ̀. Nígbà oúnjẹ alẹ́, ó ti abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Kí ló ṣe ẹ́?"

"Eyín ló ń dùn mí."

"Ìwọ tó o ń ṣe eyín," ni ọkọ wí, ó ń jẹun lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ ti jáde, Eléyín ń múra iṣẹ́ nínú yàrá. Fóònù gbọ̀n. Àkókó ní: "O dákẹ́ láti àná. Ṣé kò sí?" Bó ṣe ń kà á, ó gbọ́ tí màmá wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. Ó gbé fóònù náà dání, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn.

"Màmá, kò sí o," ló wí. "Bí mo ṣe máa dá yín lóhùn ni mi ò mọ̀."

Màmá wò ó. Ó wo fóònù ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rọra dojú ẹ̀ bolẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo wọlé lọ́sàn-án àná. Mo rí ìka yín." Ojú Eléyín ti kún fún omi. "Ẹ forí jì mí, Màmá. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, mi ò mọ̀."

"Èmi mọ̀ pé ìwọ ni," ni màmá wí.

Eléyín gbójú sókè. Ó rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Látàná, ohun tó ti ń rò ni pé ọ̀rọ̀ náà máa ya màmá lẹ́nu bó ṣe ya òun, pé àwọn méjèèjì jọ ṣubú sínú kòtò kan náà ni.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ òwú pupa. Nígbà tó o sọ ti síbí, mo rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ tó ń ka síbí pọ̀ láyé. Ṣùgbọ́n ife yẹn wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mò ń ka ti òwú. Mo wo òwú, mo wo fóònù. Mo ní bóyá ẹlòmíì so òwú mọ́ ife níbòmíì. Mo jókòó síbí yìí, mi ò lè dìde títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá jẹ́ kí n máa sọ ọ́ lọ?" Ohùn Eléyín le. Kò tíì fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá màmá sọ̀rọ̀ rí.

"Tí mo bá sọ, wàá dákẹ́. Láti ìgbà tí bàbá ọkọ ẹ ti kú, kò sẹ́ni tó ń sọ òótọ́ fún mi mọ́. Wọ́n kàn ń kí mi ni." Màmá ń fọwọ́ ra orúnkún ara rẹ̀. "Ẹni tó ń kọ̀wé sí ẹ yẹn, òun ni mo fẹ́ jẹ́ nínú ilé yìí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti la ẹnu, èkejì ló ń bọ́ síta."

"Ìwé yẹn náà ńkọ́? Ẹ ní ìwé iwin ni."

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tán kí n tó ṣí i. Mo ṣí i kí n lè mọ ohun tí mo máa bú. Lọ́jọ́ tí iná wọ ìlú nínú ìwé kìíní, mi ò rántí jẹun ọ̀sán. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ ìyẹn fún ẹ? Ẹni tó ń tún fóònù ṣe níwájú títì ló fi mí sínú ẹgbẹ́ yín."

Eléyín dìde. Ó ní àkókò iṣẹ́ òun ti ń kọjá, ó jáde.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá tí wọn ò sọ ju ẹ káàárọ̀ àti ẹ kúulé lọ. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sórí fóònù. Nínú ẹgbẹ́, Alága bi wọ́n léèrè: "Àkókó àti Atọ́pinpin, ṣé ẹ ti gbà pé ẹṣin ni?"

Ìwé kẹjọ ló fòpin sí ìdákẹ́ náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wọlé, Eléyín ló rà á. Ó kà á níwọ̀nba lálẹ́ ọjọ́ náà. Láàárọ̀, dípò kó fi í pamọ́, ó gbé e sórí tábìlì pálọ̀, ó ki bébà síbi tó kà dé, ó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó dé, bébà rẹ̀ wà níbi tó fi í sí. Òwú pupa kan wà níwájú ẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ti kọjá ìdajì ìwé.

Nígbà oúnjẹ, Eléyín ò lè mú un mọ́ra.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀."

"Báwo ni mo ṣe wò ẹ́?"

"Bí ẹni tó ti mọ̀ bóyá ìyá alásè yẹn máa kú."

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ojú yín ti sọ ọ́ tán."

"Ojú mi ni mo gbé wá sílé yìí, òun náà ni mo ní," ni màmá wí, ó gbé abọ́ rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ó ṣèlérí pé òun ò ní kà á mọ́ títí Eléyín á fi bá òun. Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n jọ jókòó sórí àga gígùn, Eléyín ń ka apá tó gbẹ̀yìn sókè, màmá ń wo ẹnu rẹ̀.

Nínú ìwé náà, ọmọ ọba wọ ilé ìdáná, ó bá ìyá alásè tó tún fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò. Eléyín mí kanlẹ̀. Ọmọ ọba bi í pé ṣé òun ni Ẹni Kẹsàn-án. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá iná ṣeré. Ọwọ́ mi ti yi ni."

Eléyín gbé ìwé sílẹ̀. Ó wo màmá. Màmá ṣí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Tèmi náà yi bẹ́ẹ̀," ló wí. "Èmi ni mi ò sì mọ̀. Èmi tí mo fi ọwọ́ yìí gbé ìkòkò jálẹ̀ ayé mi. Kà á lọ."

Ó kà á lọ títí ó fi kan Ẹni Kẹsàn-án. Atukọ̀ ni. Atukọ̀ tó ń gbé wọn sọdá odò, tí kì í ní ju gbólóhùn kan lọ nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tó bá di ọwọ́ rẹ̀ mú láti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ló máa ń sọ pé, "Odò yìí tutù lọ́dún yìí o." Inú ìwé méjèèje ni wọ́n ti sọ ọ́. Gbogbo òǹkàwé rò pé odò ni.

Àwọn méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá gbá itan. Eléyín dìde, ó jókòó, ó tún dìde, ó sá lọ kó ìwé àtijọ́ lórí pẹpẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: atukọ̀ rèé, atukọ̀ nìyí. Ọkọ sáré jáde láti ilé ìwẹ̀, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀, aṣọ ìnura lásán ló so mọ́ ìdí.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," ni Eléyín wí. "Atukọ̀ ni."

"Atukọ̀ wo?"

"Dákẹ́ ná," ni màmá wí, kò wo ojú ẹ̀. "Ìyàwó mi, mú ìwé karùn-ún wá."

Ọkọ dúró níbẹ̀ tí omi ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì fara kan ara wọn lórí àga kan, ìwé kún ẹsẹ̀ wọn. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀rù ba òun lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí iná mànàmáná gbé òun lọ. Nígbà tí Alága náà kà á débẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé: "Mo ti gbé bọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ jẹ́ kí n mí ná."

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan wá dán mọ́rán. Màmá ṣì ń fi ohùn ọlọ́fọ̀ yin ọbẹ̀. Eléyín náà sì pàdánù nǹkan kan tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni: bínú bá bí i sí màmá, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sórí fóònù láti sọ fún Àkókó, á sì rántí. Ó máa ń ṣe é bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lọ sílùú mìíràn.

Lọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́, fóònù gbọ̀n. Àkókó ní: "Ọkùnrin tó o fẹ́ yìí tún ti ju aṣọ tútù sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ta ló kọ́ ọ?" Eléyín rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ pé, "Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ." Èsì dé kíákíá: "Kò sí màmá níbí. Ìwọ ni mò ń jẹ́ níbí." Ó gbìyànjú láti tẹ "ìwọ", ìka rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó wá kọ gbólóhùn kan tí kò sí ẹ̀yin, tí kò sí ìwọ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ ọ́ títí di òní, ó sì gba ọgbọ́n.

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣe ìpàdé ojúkojú àkọ́kọ́, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan lókè ilé ìkàwé, àwọn méjèèjì jọ lọ. Alága dìde láti kí wọn. Ó tóbi, ohùn rẹ̀ tinrín. Eléyín ní, "Èmi ni Atọ́pinpin. Ìyá ọkọ mi nìyí. Àwọn ni Àkókó." Alága yára lọ gbé àga wá.

Kò pẹ́ tí màmá jókòó tó ti wọ àríyànjiyàn pẹ̀lú ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta bàtà. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní bí ọwọ́ atukọ̀ bá tutù tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí iná lè jó o rárá. Màmá ní ìsọkúsọ ni, ọwọ́ tútù ń jóná, òun ti rí i. Eléyín lọ wá omi wá fún wọn. Nígbà tó dé, wọ́n ní kó dá ẹjọ́ náà. Ó wo màmá, ó wo ọmọkùnrin náà, ó ní ọmọkùnrin yìí ló jàre.

Nínú bọ́ọ̀sì, màmá kẹ̀yìn sí i. Ó kọjú sí fèrèsé. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹjọ́ ègbè lo dá," ó sì ń lọ níwájú. Eléyín tẹ̀ lé e, ó ń sọ ibi tí ẹ̀rí wà nínú ìwé kẹfà fún un, màmá ń sọ pé òun ò gbọ́, títí wọ́n fi dé ẹnu ilẹ̀kùn.